Ọ̀ọ́dúnrún Ẹṣin fún Ẹrù Ẹyin

Ohun tó dá ìjà sílẹ̀ láàárín Hàfúsátù àti ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ kò tó àtẹ́lẹwọ́. Irin kékeré kan ni, ó rí roboto bí ìdérí ìgò, tẹmosítáàtì ni wọ́n ń pè é.

Àárín ẹ́ńjìnnì àti rédíétọ̀ ló máa ń wà, bí ilẹ̀kùn ló sì ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí omi ọkọ̀ bá tutù, a pa ẹnu dé kí ẹ́ńjìnnì lè tètè gbóná dé ìwọ̀n tó yẹ. Bí omi bá gbóná tó, a la ẹnu, omi a máa sàn lọ, a máa sàn bọ̀. Kò sí ẹni tó ń tì í, kò sí ẹni tó ń ṣí i. Ìda tó wà nínú rẹ̀ ló máa ń wú bó bá gbóná, tó máa ń súnkì bó bá tutù. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Hàfúsátù rí ọ̀kan, inú ìkòkò omi ló jù ú sí lórí iná, ó jókòó tì í, ó ń wò ó bó ṣe ń yanu díẹ̀díẹ̀, títí ọbẹ̀ fi jóná lórí iná kejì.

Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ilẹ̀ wa kò fẹ́ràn irin yìí. Bí ọkọ̀ bá ti gbóná jù lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n á yọ ọ́ dànù. "Ilẹ̀ Òyìnbó tó tutù ni wọ́n ṣe é fún," ni wọ́n máa ń wí, "oòrùn tiwa ti tó." Bẹ́ẹ̀ náà ni Ọ̀gá Kàmọ́rù, mẹkáníìkì kan ní Òṣogbo, ṣe yọ ti ọkọ̀ Alàájì Àbdùlláhì, ẹ̀gbọ́n ọkọ Hàfúsátù.

Ọkọ̀ kékeré ni, onípísítínì mẹ́rin. Alàájì ń sin adìyẹ ní Ìlobù, òun ló sì fi ń kó ẹyin lọ sí Òṣogbo láràárọ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti yọ tẹmosítáàtì rẹ̀, ọkọ̀ náà kò gbóná tó mọ́. Kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ wá ń rò pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣáná sí i láàárọ̀ ni, ó ń rọ epo sí i ṣáá, bí ìyá tó ń rọ ẹ̀kọ fún ọmọ tó ti yó. Púlọ́ọ̀gì dúdú, sàlẹ́ńsà dí. Bí ọkọ̀ náà bá dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Òkínní ní ọ̀nà Òṣogbo, a máa mí hẹlẹhẹlẹ bí arúgbó tó ru àpò gàrí gun òkè.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Hàfúsátù kúnlẹ̀ sọ fún Alàájì. Lẹ́ẹ̀kíní, Alàájì ní òun kì í bá obìnrin sọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì. Lẹ́ẹ̀kejì, ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin ará Ìfọ́n! Ilẹ̀ wa kò tó yín, ẹ tún fẹ́ wọ inú ọkọ̀ wa."

Ọmọ Ìfọ́n ni Hàfúsátù lóòótọ́. Ìlobù àti Ìfọ́n kò jìnnà síra wọn rárá, ẹni tó bá sín ní ọ̀hún, ará ìhín lè kí i. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti wà láàárín wọn kí wọ́n tó bí bàbá ẹni tó ń jà sí i lónìí. Ọdún kọkànlá rèé tó ti fẹ́ Hàmídù, àbúrò Alàájì, tó ń wa tírélà, tó sì lè pẹ́ tó oṣù kan kó tó wálé. Kò kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rọ ìlọta ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ tú, tó sì tún un tò. Láti ibẹ̀ ló ti bọ́ sórí alùpùpù, kó tó kan ọkọ̀. Nígbà tí bàbá ọkọ rẹ̀ rí i pé ọwọ́ rẹ̀ dá, ó fi ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀ fa ìlà sílẹ̀ níwájú agbo ilé wọn, Àmúdà, ó ní, "Ìyàwó, ibi iṣẹ́ tìẹ rèé." Bàbá ti kú. Ìlà náà ti di ṣọ́ọ̀bù onípáànù, gbogbo ohun tí Hàfúsátù ní láyé, yàtọ̀ sí Azeezat ọmọ rẹ̀, inú rẹ̀ ló wà.

Nígbà tí ọkọ̀ kékeré náà kú sí ẹnu ọ̀nà lẹ́ẹ̀kẹta, tí Alàájì ń gbá táyà rẹ̀ nípàá, tó ń búra pé ìtàkutà lòun yóò tà á, Hàfúsátù kò sọ nǹkan kan. Yàrá ló wọ̀, ó pe Zàíd àbúrò rẹ̀ ní Ìfọ́n.

"Wá ẹni tí yóò bá ọ rà á," ló wí. "Má jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ìwọ ni."

Ohun tó ṣe nìyẹn. A kò ní purọ́ mọ́ ọn, a kò sì ní bá a bò ó.

Kò pé oṣù kan tí Alàájì ta ọkọ̀ náà tó fi gbé jíìpù wọ agbo ilé. Kò tẹ fèrè, ìró ẹ́ńjìnnì ti ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ó yí àgbàlá po lẹ́ẹ̀mejì, àwọn adìyẹ sá wọ abẹ́ àká, ó wá gbé ọkọ̀ náà dúró, imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tábìlì tí Hàfúsátù to sípánà sí.

"Bíeìtì!" ni Alàájì ń wí fún àwọn tó ti péjọ. "Písítínì mẹ́jọ! Ẹ̀yin ń wò ó bẹ́ẹ̀ yẹn, agbára ọ̀ọ́dúnrún ẹṣin ló wà nínú ẹ̀."

Ìyá Àgbà Sìkírátù, ìyá Alàájì, na ọrùn wo inú ọkọ̀. "Ẹṣin? Níbo ni wọ́n wà?"

"Màmá, bí wọ́n ṣe ń wọn agbára ẹ́ńjìnnì nìyẹn."

Hàfúsátù ti wà lórí ìkúnlẹ̀, epo dúdú dé ìgúnpá rẹ̀. "Ẹ kú oríire, Alàájì. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ lò ó pẹ́ o." Ibẹ̀ ló yẹ kó dákẹ́ sí. Kò dákẹ́. "Ọ̀ọ́dúnrún ẹṣin yìí, sà, ṣé ẹyin náà ni wọ́n fẹ́ máa rù?"

Ìyá Àgbà bú sẹ́rìn-ín títí ìborùn rẹ̀ fi bọ́. "Yéè! Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ fọ́!"

Gbogbo agbo ilé rẹ́rìn-ín. Kó tó di alẹ́ ọjọ́ náà, àwọn ọmọdé ti ń pe Alàájì ní Bàbá Ẹlẹ́ṣin. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó wo Hàfúsátù, ó wo ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó tún wo jíìpù rẹ̀, bí ẹni tó ń wọn nǹkan.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, jíìpù náà gbóná lẹ́ẹ̀kan ní títì, Alàájì sì gbé e lọ bá Ọ̀gá Kàmọ́rù. Hàfúsátù kò bá wọn débẹ̀, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi mọ ohun tí wọ́n ṣe. Èéfín dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nídìí ọkọ̀ náà láràárọ̀, òórùn epo tí kò jóná tán sì ń kún àgbàlá. Alàájì wá di ará ilé epo. Ìgbà tó ń rà á lẹ́ẹ̀kẹta lọ́sẹ̀ kan ló rí ọkọ̀ kékeré kan tó kọjá, èèyàn mẹ́rin kún inú rẹ̀, ẹrù wà lẹ́yìn. Ó mọ ihò tó wà lára ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló fi kan ògiri. Ó ń wò ó, ọkọ̀ náà gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Òkínní lọ fẹẹrẹ, kò mí hẹlẹ, kò húkọ́. Zàíd ló wà nídìí sítẹ́ríìnì.

Kò délé tán tó ti ń pariwo.

"Ọmọ Ìfọ́n! Ta ló ra ọkọ̀ mi?"

Hàfúsátù jáde lábẹ́ ọkọ̀ tó ń tún ṣe, ó kúnlẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹni tí ẹ tà á fún ló rà á."

"Má fi mí ṣeré! Mo rí àbúrò rẹ. Ìwọ lo tún un ṣe?"

"Èmi ni, sà."

"Kí ló ṣe é tẹ́lẹ̀?"

Hàfúsátù na ọwọ́ sí ìṣó tó wà lára òpó, ó mú tẹmosítáàtì kan tó fi kọ́ níbẹ̀. "Èyí ni kò sí nínú ẹ̀. Mo sọ fún yín lẹ́ẹ̀mejì."

"Ẹ̀ẹ̀kẹta ńkọ́?"

Hàfúsátù fi tẹmosítáàtì náà kọ́ padà sórí ìṣó. Àwọn ìyàwó ilé ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, ìkòkò ń hó lórí iná wọn.

"Ẹ̀ẹ̀kẹta, mi ò sọ."

"Ẹ ò gbọ́ bí!" Alàájì pàtẹ́wọ́. "Ẹ ò gbọ́ lẹ́nu ara ẹ̀! Ó ń jẹ iyán wa, ó ń fi ọbẹ̀ wa ránṣẹ́ sí Ìfọ́n. Ó jẹ́ kí n ta ohun tó dáa bí àkísà kí àwọn èèyàn ẹ̀ lè jèrè. Ejò ni bàbá wa fún ní ibùjókòó níwájú ilé!"

"Ejò kì í kìlọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, Alàájì."

"Pa ẹnu ẹ mọ́! Ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, n kò fẹ́ rí sípánà kan níbí. Gáréèjì jíìpù mi ni mo fẹ́ kọ́ síbẹ̀."

Kì í ṣe ìhàlẹ̀ lásán. Lọ́jọ́ kejì, bíríkìlà méjì ti dé, wọ́n kan pẹ́ẹ̀gì mẹ́rin mọ́lẹ̀ yí ṣọ́ọ̀bù ká, wọ́n ta okùn mọ́ ọn. Bí Hàfúsátù bá fẹ́ wọ ibi iṣẹ́ rẹ̀, ó di dandan kó gbé ẹsẹ̀ dá okùn kọjá. Ó pe Hàmídù lórí fóònù.

"Ṣe sùúrù," ni ọkọ rẹ̀ wí láàárín ariwo tírélà. "Ẹ̀gbọ́n mi ni. Kí ni mo fẹ́ sọ fún un?"

"Ó dáa," ni Hàfúsátù wí, ó pa fóònù. Ṣùgbọ́n kò dáa.

Nígbà tó di ọjọ́rú, lẹ́yìn ìrun Àṣàrì, Ìyá Àgbà ní kí wọ́n tẹ́ ẹní fún òun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan nínú àwọn pẹ́ẹ̀gì náà. Ó jókòó, tẹ̀sùbáà rẹ̀ lọ́wọ́, ó ránṣẹ́ pe àwọn méjèèjì.

"Bàbá yín fi ọ̀pá fa ìlà síbí," ló wí fún Alàájì. "Ojú mi ló ṣe. Kí ló dé tí o fẹ́ fi okùn pa á rẹ́?"

"Màmá, iṣẹ́ ni mo ń ṣe. Àwọn tó ń gba ẹyin ní Òṣogbo kì í dúró deni. Ọkọ̀ tó lágbára ló lè bá mi débẹ̀ kó tó pẹ́ jù, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í sì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi sínú òjò. Àkókò ni mo rà."

Hàfúsátù, tó ti wà lórí eékún látìgbà tó dé, gbé ojú sókè. "Àkókò tó mélòó, sà?"

"Èwo ni tìẹ níbẹ̀?"

"Mo kàn ń bèèrè ni. Láti ibí dé Òṣogbo, mélòó ni ọ̀ọ́dúnrún ẹṣin yẹn fi ń yá ju ọgọ́rin tó wà nínú ọkọ̀ tí ẹ tà?"

"Kí ó tó dé Òkínní, màá ti jẹun tán ní Òṣogbo!"

Ìyá Àgbà gbé tẹ̀sùbáà sókè. "Ó tó. Ẹ gbọ́ mi. Lọ́la, kí ẹ̀yin méjèèjì di ogún ogún kéréètì ẹyin. Kí ẹ jọ gbéra níbí, kí ẹ wa ọkọ̀ bí ẹ ṣe ń wà á lójoojúmọ́. Èmi á jókòó sínú ọkọ̀ rẹ, Àbùdù. Tí a bá dé ibi tí wọ́n ti ń gba ẹyin, màá bẹ̀rẹ̀ sí í ka tẹ̀sùbáà mi, mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún. Bí mo bá kà á tán tí Ìyá Azeezat kò tíì dé, kó palẹ̀ irin ẹ̀ mọ́, mi ò ní bá a bẹ̀bẹ̀. Bó bá dé kí n tó kà á tán, Àbùdù, ìwọ ni wàá fi ọwọ́ ara rẹ fa pẹ́ẹ̀gì wọ̀nyí tu."

Alàájì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. "Màmá, ẹ mú tẹ̀sùbáà méjì dání."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Hàfúsátù fẹsẹ̀ rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ Ìfọ́n, ó kọjá lẹ́bàá àwọn ṣọ́jà tí ìjà ilẹ̀ gbé wá, tí wọ́n jókòó sórí àpò yanrìn, ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Zàíd.

"Má fọ́ ọkọ̀ mi o, ẹ̀gbọ́n mi," ni Zàíd wí.

"Ọkọ̀ ta?"

"Ọkọ̀ Alàájì." Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú Hàfúsátù. Bó bá pàdánù ṣọ́ọ̀bù, kò sí ẹni tí yóò fún un nílẹ̀ ní Ìlobù mọ́. Bó bá sì gbé irin rẹ̀ padà sí Ìfọ́n, Alàájì á ní òun ti sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ó di ẹyin tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó fi àkísà há àárín àwọn kéréètì, ó fi okùn rọ́bà dè wọ́n mọ́lẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ Alàájì ló di ti jíìpù. Ibi tí wọ́n ń kó wọn sí fẹ̀ tó yàrá, wọ́n kàn tò wọ́n síbẹ̀ ni, wọ́n pa ilẹ̀kùn dé.

Wọ́n jọ ṣáná. Jíìpù bú ramúramù, ó fò jáde lẹ́nu ọ̀nà, eruku bo Hàfúsátù lójú. Nígbà tí eruku fi máa rọlẹ̀, kò rí i mọ́. Ó fi jíà kejì rin díẹ̀, ó bọ́ sí ẹ̀kẹta, ó sì sọ fún ẹsẹ̀ ara rẹ̀ pé kó farabalẹ̀.

Ẹni tó bá mọ ọ̀nà náà mọ̀ pé bọ́ǹpù ló pọ̀ níbẹ̀ ju ọ̀nà lọ. Ilé-ìwé ní bọ́ǹpù tirẹ̀, mọ́sálásí ní tirẹ̀, ẹni tó bá sì kọ́ ilé tó lẹ́wà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, a da kọnkéré síwájú rẹ̀ kí ayé lè dúró wò ó. Níbi bọ́ǹpù kẹta ni Hàfúsátù ti rí ìdí jíìpù. Ó ń gùn ún gẹ́gẹ́ bí aboyún. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó bú, ó tún pòórá. Níbi bọ́ǹpù karùn-ún, ìdí rẹ̀ náà tún nìyẹn. Bó ṣe ń ṣe nìyẹn títí: ó sáré, ó dúró, ó sáré, ó dúró, èéfín dúdú ń yọ lẹ́yìn rẹ̀ bíi ti ẹni tó ń sun pápá. Hàfúsátù kò sáré, kò sì dúró tán rárá. Ó ń yí lọ.

Lẹ́bàá ilé-ìwé kan, ó rí i níwájú tí jíìpù náà bá bọ́ǹpù láìrò tẹ́lẹ̀. Gbogbo ara rẹ̀ fò kúrò nílẹ̀, ó já lulẹ̀ gbì! "Ìyá Àgbà o," ni Hàfúsátù wí fún ara rẹ̀.

Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Òkínní, ó wo abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí omi ṣe gbóná tó. Àárín gbùngbùn ló wà, ibi tí ilẹ̀kùn kékeré yẹn ti ń ṣọ́ ọ. Ó tẹ epo díẹ̀, ọkọ̀ náà gun òkè. Kò yára, ó kàn gùn ún ni. Ibẹ̀ ni inú rẹ̀ ti dùn díẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, kó tó rántí ohun tó ń bá lọ.

Lẹ́yìn Òkínní, ọ̀nà dára níbì kan, jíìpù sì fò lọ pátápátá. Hàfúsátù fi ojú wá a títí, kò rí i. Ó dé ibi tí ọlọ́pàá ti ń dá ọkọ̀ dúró. Wọ́n wo ẹyin, wọ́n wo ojú rẹ̀, wọ́n ní kó máa lọ. Ó wọ ìgboro Òṣogbo, ọkọ̀ tò sílẹ̀ bí èèrà. Ó ń ka tẹ̀sùbáà sínú ara rẹ̀ láìmọ̀.

Nígbà tó yà sí iwájú ibi tí wọ́n ti ń gba ẹyin, jíìpù ti wà níbẹ̀. Alàájì fẹ̀yìn tì í, ó ká apá mọ́ àyà. Ìyá Àgbà jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń mì, ìka rẹ̀ ń sún ìlẹ̀kẹ̀.

Ìka náà dúró.

"Ọ̀kànlélógójì," ni Ìyá Àgbà wí.

"Màmá, ọlọ́pàá ló dá mi dúró!" ni Alàájì ké. "Wọ́n rí ọkọ̀ ńlá, wọ́n rò pé olówó ló ń bọ̀. Ǹ bá ti dé tipẹ́!"

"Wọn kì í dá ọ dúró ní ọjọ́ mìíràn ni?"

Alàájì tún ká apá mọ́ àyà.

"Ọ̀kànlélógójì," ni ìyá rẹ̀ tún wí. "Èmi kò tíì ka ìdajì tán. Ohun tí o fi ọ̀ọ́dúnrún ẹṣin rà nìyẹn? Orí mi sì kan òrùlé lẹ́bàá ilé-ìwé yẹn, ìwọ ọmọ yìí. Ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀ ẹ kí a rí ẹyin."

Wọ́n ṣí i. Omi ẹyin ló kọ́kọ́ jáde, ó ń fà yọ̀ọ̀, ó kán sórí bàtà Alàájì. Kéréètì mẹ́sàn-án ti dojú dé. Ní ti Hàfúsátù, ẹyin méjì ló sán. Ẹni tó ń gba ẹyin níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n lọ wá búrẹ́dì wá.

Hàfúsátù kò rẹ́rìn-ín. Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀, lórí kọnkéré, lójú gbogbo èèyàn. "Alàájì, tẹmosítáàtì jíìpù yín náà kò sí nínú ẹ̀. Mo ń gbóòórùn epo nídìí ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n bá yín fi òmíràn sí i. Mi ò ní gba nǹkan kan."

"Bí o bá fọwọ́ kan ọkọ̀ mi," ni Alàájì wí jẹ́jẹ́, kí ìyá rẹ̀ má baà gbọ́, "n óò gé ọwọ́ náà."

Ó fa pẹ́ẹ̀gì tu lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi fà á, Ìyá Àgbà dúró tì í. Ó ju ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sórí páànù ṣọ́ọ̀bù, gbàù, gbàù, lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó wá yíjú sí Hàfúsátù.

"Mo gbọ́ ti Màmá. Ṣùgbọ́n láti òní lọ, má kí mi mọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Tẹmosítáàtì yẹn, ẹ jẹ́ kí n..."

"Mo ní má kí mi!"

Ìyẹn di ẹ̀ẹ̀kejì tó sọ fún un.

Ìyàwó ilé kì í ṣàìkí ẹ̀gbọ́n ọkọ. Láràárọ̀, bí Alàájì bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, Hàfúsátù á jáde ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, á fi eékún méjèèjì gúnlẹ̀ dáadáa.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Àwọn ẹṣin ńkọ́?"

Alàájì á wọ jíìpù, á tẹ ẹ́ títí yóò fi bú gbogbo agbo ilé jí, èéfín á sì rọ́ lu ògiri ṣọ́ọ̀bù. Lóṣù kìíní, Hàfúsátù ń fọ ògiri náà. Nígbà tó yá, kò fọ̀ ọ́ mọ́. Ó dúdú láti ìsàlẹ̀ dé ibi tí ọwọ́ ọmọdé lè dé, àwọn ọmọ sì ń fi ìka ya ẹṣin sí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, jíìpù náà ké, kò ṣiṣẹ́. Ó tún ké. Púlọ́ọ̀gì ti rin fún epo, Hàfúsátù gbọ́ ọ láti ibi tó kúnlẹ̀ sí. Tẹmosítáàtì náà wà lórí ìṣó lẹ́yìn orí rẹ̀, iṣẹ́ tí kò tó wákàtí kan ni. Alàájì jáde, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ń wo inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó gbójú sókè, ó wo ọ̀dọ̀ ṣọ́ọ̀bù.

Hàfúsátù wò ó padà. Ó dìde, ó gbọn eruku kúrò ní eékún rẹ̀, ó sì wọlé lọ bá iṣẹ́ rẹ̀.